Omi Tó Hó Lójú Ọ̀nà Sakété

Ọwọ́ Honoré máa ń ṣáájú ẹnu rẹ̀. Gbogbo Pobè ló mọ̀. Bó bá bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí o kò dáhùn, ìgbátí ni ẹ̀ẹ̀kejì.

Ekùrọ́ ló ń rà. Ní ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira, òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé ta ọkọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkọ̀ eré ìje ni, pupa, ó kúrú nílẹ̀ bí alángbá, èèyàn méjì péré ló ń gbà. Ó ti gbó. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ti fi ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Láti Pobè dé Àjàṣẹ́, kò sí irú rẹ̀.

Kí aráyé lè mọ̀ pé òtútù wà nínú ọkọ̀ òun, Honoré kì í ṣí gíláàsì. Kóòtù ló ń wọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ooru ń lé ewúrẹ́ sábẹ́ igi. Ní ọjà Sakété, àwọn obìnrin ń pè é ní Òtútù-ń-mú-mi. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó fi ọkọ̀ náà gbá àgbẹ̀ kan ní Aguidi. Èjìdé lorúkọ rẹ̀. Gbágùúdá ló rù. Honoré sọ̀ kalẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní gbágùúdá rẹ̀ ti ha ọ̀dà ọkọ̀ òun. Ó gbé e ṣánlẹ̀, ó lù ú, ó dá a lápá.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ará Aguidi ti ń bà á. Ó lọ wá ààbò lọ́dọ̀ oníṣègùn. Wọ́n ran oògùn sínú awọ ewúrẹ́ fún un, ó fẹ̀ bí atẹ ìpàtẹ. Wọ́n ní iwájú ni ewu ti ń wá, kó so ó mọ́ iwájú ọkọ̀. Ó so ó sẹ́yìn àwọn irin iwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Basile, mẹkáníìkì ní Sakété. Ọmọ Aguidi ni Basile, wọ́n sì jọ lọ sílé ìwé. Basile ṣí iwájú ọkọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Honoré, ta ló dí imú ẹ́ńjìnì rẹ báyìí?"

"Má fọwọ́ kàn án."

"Wò ó. Omi inú àpótí yìí ló ń tu ẹ́ńjìnì lára. Afẹ́fẹ́ iwájú ló sì ń tu omi. O ti fi awọ dí i. Ẹ́ńjìnì arúgbó, ó ń fa ọkọ̀, ó tún ń fa ẹ̀rọ òtútù, bí ìyá tó pọnmọ tó tún rugi. Yọ awọ yìí, pa òtútù, ṣí gíláàsì bíi tàwa yòókù."

"Kí ooru máa mú mi bíi tìẹ?"

"Ooru kò tíì pa mí. Ọ̀rẹ́, ohun tí o fi ń sá fún ikú ló máa mú un dé. Jésù nìkan ló lè..."

Honoré kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Ará Aguidi ló rán ọ, àbí? Kí o tú ààbò mi!" Honoré gbé irin, ó fi là á lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.

Sípánà ńlá kan wà lọ́wọ́ Basile. Ọwọ́ náà gbéra. Ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Máa lọ. Bó bá hó, má ṣí ìdérí àpótí omi títí yóò fi tutù."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Honoré gbé Félicité ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Sakété. Oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run.

Félicité ní, "Bàbá Berthe, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn yẹn ti wọ pupa. Ẹ pa òtútù yìí."

Ó gbá a létí. "Ìyá rẹ ló wa ọkọ̀ rí?"

Nígbà tí wọ́n dé Aguidi, èéfín funfun bo gíláàsì. Ọkọ̀ kú. Honoré bẹ́ sílẹ̀, ó ń bú ọ̀nà, ó ń bú òyìnbó tó ta ọkọ̀ fún un.

Félicité ké: "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé Basile ní kí ẹ má ṣí i!"

Orúkọ yẹn ló bí i nínú. Ó lu Félicité títí ó fi ṣubú sínú koríko. Ó wé áńkáṣífù mọ́ ọwọ́, ó tẹrí bọ iwájú ọkọ̀, ó yí ìdérí.

Omi náà tú jáde bí ẹ̀jẹ̀ ọrùn màlúù. Ó bá a lójú, lọ́rùn, láyà. Awọ ojú rẹ̀ bó bí èèpo iṣu sísè. Kò rí nǹkan kan mọ́. Igbe rẹ̀ dé abúlé.

Abúlé jáde. Àdá àti kùmọ̀ ni wọ́n mú bọ̀. Èjìdé ló ṣíwájú, apá rẹ̀ tó dá wà láàárín igi tí wọ́n fi dì í, àdá wà lọ́wọ́ kejì.

"Òtútù-ń-mú-mi! Ṣó ti móoru tó?"

Wọ́n fọ́ gbogbo gíláàsì ọkọ̀. Wọ́n fa Honoré lẹ́sẹ̀, wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀. Ó ń pe gbogbo orúkọ tí oníṣègùn kọ́ ọ. Kùmọ̀ bà á lẹ́nu, ó dákẹ́.

"Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ká dáná sí i!"

Félicité ń bẹ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹnìkan ti gbé igi tó ń jó bọ̀.

Ìgbà yẹn ni Basile ń ti ìsìn bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sá wọ àárín wọn, ó dùbúlẹ̀ lé Honoré lórí. Kùmọ̀ tó ń bọ̀ wá bà á léjìká.

"Basile, kúrò ńbẹ̀! Ṣebí ó ká ìwọ náà léyín?"

"Ó ká a. Ẹ wò ó." Ó la ẹnu. "Mo ti fi jì í. Bí ẹ bá máa sun ún, ẹ sun mí mọ́ ọn."

Èjìdé wo àyè eyín náà. Ó rẹ àdá sílẹ̀.

"Gbé òkú rẹ lọ."

Basile gbé e ka kẹ̀kẹ́. Félicité dì í mú lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ilé ìtọ́jú aláìsàn ní Sakété.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi aṣọ di ojú Honoré. Basile ń wá fún un ní ẹ̀kọ mu.

"Kí ló dé tí o kò jẹ́ kí wọ́n pa mí?"

"Èmi náà fẹ́ pa ọ́. Sípánà wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Jésù ni mo rántí. Bí wọ́n ṣe ń kàn án mọ́gi, bẹ́ẹ̀ ló ń tọrọ ìdáríjì fún wọn. Èmi wà lára wọn. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Bí ojú mi bá là, màá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín."

"Má bá Ọlọ́run dúnàádúrà. Bí kò bá là ńkọ́?"

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í ta Honoré lójú egbò.

"Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo lu àwọn tí kò lè lù mí padà. Jésù, gbà mí. Bí ojú là, bí kò là."

Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Félicité ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá Berthe. Ọwọ́ yín ni màá máa wò, kì í ṣe ẹnu yín."

Ojú ọ̀tún là. Tòsì kò là mọ́.

Aguidi ló kọ́kọ́ rìn lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Èjìdé ní gbangba. Èjìdé gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́rùn, ó sì tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ènìyàn ń retí ọwọ́ Honoré àtijọ́. Kò mira.

Èjìdé gbé ẹsẹ̀ kúrò. "Dìde. Gbágùúdá mi wà nílẹ̀, apá mi kò tíì san."

Honoré ló wa gbágùúdá náà. Títí apá fi san, ó ń lọ sóko náà. Ọdún yípo, Félicité ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò gbéra sí i mọ́.

Ìwọ tó mú ìwé yìí dání, o mọ ẹni tó ń sá fún ọ nílé. O mọ ẹni tó ń retí ìṣubú rẹ. O sì mọ ohun tí o so mọ́ra kí ewu má baà dé.

Ẹnìkan ti dùbúlẹ̀ lé ọ lórí. Kùmọ̀ tó yẹ kó bà ọ́, òun ló bà. Jésù ni. Ó kú, ó sì jí dìde.

Má sọ pé ó dọ̀la. Ìkòkò tó ń hó kì í dágbére kó tó bẹ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un bó ṣe rí, kí o sì pe orúkọ Jésù.

Kí o tó pa ìwé yìí dé ni o.