Àgò Láti Òrùlé

Mẹ́rin ni àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Adédiwúrà, opó Ògúntúndé, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, òun ló ni ẹnu ọ̀nà. Helen, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wa ọkọ̀ wá láti Mẹ́ńdè. Suwebat aránṣọ, ará Ìsẹ́yìn, tí àtíbàbà rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà. Àti Ṣàràfá rìwáyà, tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní Kétu. Gbogbo wọn ṣì wà láyé. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn kò ní tàsé ara wọn, àfi níbì kan: Suwebat ní àwọn márùn-ún ni.

Òótọ́ ni ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá ti sin òbí, tó sin ọkọ, kò tún ní àyè àtimáa pa irọ́.

Ṣángíṣà ni ilẹ̀ náà wà. Bàbá tó bí bàbá Ògúntúndé ló fi àdá ṣán igbó ibẹ̀. Ilé alámọ̀ tó kọ́ síbẹ̀ dúró títí òjò fi wó o lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Eruku rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ tí àwọn kan fi gbé ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ dé, wọ́n ní tàwọn ni. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Lọ́yà wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún Adédiwúrà.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn ṣófo lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé, ó ṣòro gbà. Bí ẹ bá lọ, kí ẹ tó padà dé, wọn á ti mọ ògiri yí i ká."

Owó ilé kò sí nílẹ̀. Ọlánípẹ̀kun, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá ra ilé onítáyà kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ síbi ìsinmi. Ó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fà á dé orí ilẹ̀ náà, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, fèrèsé wà, gbogbo rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ilé ìgbín ni àwọn ará àdúgbò ń pè é.

Ọdún kẹrin rèé tí Adédiwúrà ti ń sùn nínú ilé ìgbín. Kò lọ sí ìrìn àjò. Kò lọ sí ìsìnkú àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ó jókòó ti ilẹ̀ bí adìyẹ ṣe ń jókòó ti ẹyin, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Irú àárẹ̀ tí oorun kì í gbà.

Ó ní ikọ́ fée. Bí oòrùn bá mú orí páànù, inú ilé ìgbín a dà bí inú ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbà á: fáànù kékeré tó wà lójú ihò nínú òrùlé. Ọmọrí onírọ́bà ló wà lórí ihò náà, tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yí ṣí sókè. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iná bátìrì ló ń lò, oòrùn ló sì ń bọ́ bátìrì. Adédiwúrà mọ ìtọ́jú rẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, á gun àpótí, á tú ìdè mẹ́rin, á fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ nẹ́ẹ̀tì. Á wá kán òróró máṣíìnì Suwebat ẹ̀kán kan sí ìdí fáànù. Èémí rẹ̀ ni. Kì í fi ṣeré.

Nínú oṣù kẹta ni fáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Kò dún kíkankíkan. Á yí, á yí, á wá dún lẹ́ẹ̀kan. À-gò. Á dákẹ́. Á tún yí. À-gò. Adédiwúrà kán òróró sí i. Ó ṣì ń dún.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kò sí. Máṣíìnì Suwebat kò dún. Ariwo ọkọ̀ ọ̀nà Ìkòsì pàápàá jìnnà. Adédiwúrà na ẹ̀yìn sórí ibùsùn, kò sùn, kò jí.

"Àgò o."

Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn kì í jẹ́ kí àgò kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní àgò, wọn á ní kó yà. Ẹnu rẹ̀ sáré ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Àgò yà."

Fáànù dúró.

Kò rọra dúró bí fáànù ṣe ń dúró. Ó dúró bí ẹni tó ti débi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ibùsùn rì díẹ̀, níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó pẹ̀lẹ́ kó má baà jí ẹni tó ń sùn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni yóò sọ? Láti ọjọ́ náà, fáànù kò yí mọ́. Ó yẹ kí ooru ti pa á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti pọ́n, atẹ́gùn a kan ojú rẹ̀. Atẹ́gùn tútù. Òórùn igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán a máa wà nínú rẹ̀, ewé tútù àti erùpẹ̀. Àyà rẹ̀ kò han gooro lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni Helen dé, tó gbójú sókè.

"Mummy! Fáànù yìí ò ṣiṣẹ́?"

"Ó sinmi díẹ̀ ni."

"Láti ìgbà wo?"

Suwebat tó tẹ̀ lé Helen wọlé ló dáhùn. "Aunty, ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní kí Màmá pè yín, wọ́n ní kí n gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ mi."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án, nínú ooru yìí?" Helen wo ìyá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Báwo lẹ ṣe ń mí?"

"Imú ni mo fi ń mí."

Suwebat rẹ́rìn-ín. Helen kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Ṣàràfá lórí fóònù. Ó yíjú padà.

"Tó bá di aago mẹ́rin tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ń bá mi lọ sí Mẹ́ńdè. Mi ò fẹ́ àríyànjiyàn."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ilẹ̀ máa dá gbé."

"Ilẹ̀ kì í dá gbé, Helen."

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni Ṣàràfá dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ó yí ilé ìgbín ká lẹ́ẹ̀kan.

"Màmá, ṣé ọkọ̀ ni àbí ilé?"

"Kí ni ojú ẹ rí?"

"Tó bá jẹ́ ọkọ̀, dírẹ́bà ẹ̀ ti sá lọ."

"Dírẹ́bà ẹ̀ rèé níwájú ẹ. Gun àpótí."

Ó gun àpótí. Ó fi mítà wo fíúsì, fíúsì dára. Ó wo wáyà. Wáyà kò já. Ó tú fáànù sọ̀kalẹ̀ pátápátá, ó gbé e jáde, ó fi kan bátìrì ọkọ̀ Helen. Fáànù yí wọ̀ọ̀, kò dún rárá. Ó gbé e padà sókè, ó dè é. Ó tan án. Kẹ́kẹ́ pa.

Ó gbé e jáde nígbà kejì. Ó yí. Ó gbé e padà. Ó dákẹ́.

"Ó dà bí ọmọ tó ń pariwo níta," ni Ṣàràfá wí, "tó bá ti dé iwájú bàbá ẹ̀, á pa ẹnu mọ́."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá nawọ́ sókè láti nu inú ọmọrí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Màmá, ta ló ṣí ibí yìí láìpẹ́?"

"Èmi ni. Lóṣù tó kọjá."

"Eruku ọ̀sẹ̀ yìí lèyí."

Àmì àtẹ́lẹwọ́ méjì ló wà nínú eruku náà, lábẹ́ ọmọrí, lókè nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọwọ́ kò lè dé láìtú ìdè mẹ́rin. Wọ́n fẹ̀. Adédiwúrà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó fi wé e láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìdajì.

"Agbọ́n ló ṣe é," ni Helen wí kíákíá. Ó mọ̀ pé kì í ṣe agbọ́n.

Ṣàràfá sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. "Ẹ jẹ́ n yí wáyà padà. Bóyá ọ̀nà tó ń yí sí ló dí i." Ọ̀nà méjì ni fáànù náà ní: ọ̀kan ń fa atẹ́gùn wọlé, ìkejì ń lé e jáde. Àmì tí wọ́n kọ sí ibi ìtanná ti pa rẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò Adédiwúrà láti ọjọ́ pípẹ́.

"Màmá, èwo ni wíwọlé, èwo ni jíjáde?"

"Mi ò mọ̀ mọ́," ni Adédiwúrà wí. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Ṣàràfá tú orí bátìrì kí iná má baà gbé e. Ó fi wáyà méjèèjì sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni pupa, ọ̀tọ̀ ni dúdú. Ó padà gun àpótí. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Gbogbo wọn wo bátìrì. Gbogbo wọn wo orí wáyà tó wà nílẹ̀. Fáànù ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Bí ẹ̀rù tilẹ̀ ba oníṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbàgbé iṣẹ́. Ṣàràfá gba ewé bébà kan lọ́wọ́ Suwebat, nínú èyí tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó gbé e sábẹ́ fáànù. Bí bébà bá fà sókè, atẹ́gùn ń jáde. Bí ó bá tẹ̀ sísàlẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé. Bébà náà kò fà sókè. Kò tẹ̀ sísàlẹ̀. Ó nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì kọjú sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, bí ìka tó ń júwe ènìyàn.

"Àgò o."

Kì í ṣe ìró fáànù. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ohùn náà kò le, ó dà bí ohùn ẹni tó ti dúró pẹ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Suwebat, wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ṣí. "Àgò..."

Adédiwúrà ti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Nítorí ìgbà yẹn gan-an ló tó yé e. Ẹni tó ń wọlé a máa kágò. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtikọjá láàárín èrò, òun náà a máa kágò. Lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó ní kó yà, kò béèrè èwo ni. Kò mọ̀ bóyá ohun tó wà lókè ló wọlé, tàbí ohun tó wà nínú ilé láti ọjọ́ yìí ló tọrọ ọ̀nà. Kò sì mọ̀ bóyá ẹyọ kan ni.

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Suwebat yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yà bí ọmọ ṣe ń yà fún àgbà lójú ọ̀nà tóóró, ó tẹ orí ba. Nẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ṣí díẹ̀, ó sì padé. Òórùn igbó tútù gba àárín wọn kọjá.

Fáànù kò dúró.

Ṣàràfá kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kò kó o tán. Sukurudiráfà rẹ̀ kan wà lórí òrùlé títí di òní. Helen wo aago. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni. Kò mẹ́nu ba Mẹ́ńdè. Fáànù ṣáà ti ń ṣiṣẹ́. Ó dúró níta, ó na ọwọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà, ó fi kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Adédiwúrà jókòó lábẹ́ àtíbàbà, Suwebat ń wọn apá rẹ̀ fún bùbá. Ọkùnrin méjì dé pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀. Wọn kò rí i. Èyí tó síwájú kan ilẹ̀kùn ilé ìgbín.

"Àgò o! Ẹ̀yin ará ilé!"

"Àgò yà," ni ohùn kan wí láti inú.

Tépù já bọ́ lọ́wọ́ Suwebat.

Ọkùnrin náà wọlé. Kò pẹ́. Nígbà tó jáde, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹrin. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

"Kí ló dé?" ni ìkejì rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní kí n jókòó."

"Ta ni?"

Ó ti ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn, kò wá bàtà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún gbé ìwé wá.

Adédiwúrà gbé fóònù. "Helen, wá mú mi."

"Mummy, ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ènìyàn ń bẹ níbẹ̀."

Ó sùn ní Mẹ́ńdè fún odidi ọjọ́ méjì. Kóòtù ṣì ń sún ẹjọ́ síwájú. Bí lọ́yà bá pè, tó bi í pé ṣé wọ́n ṣì ń gbé orí ilẹ̀, á ní wọ́n ń gbé ibẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Ta ni wọ́n jẹ́, ohun tó kọjá òun nìyẹn. Nígbà mìíràn, lọ́sàn-án, àyà rẹ̀ a máa han gooro, á sì máa ṣàárò atẹ́gùn yẹn.

Ṣùgbọ́n fáànù kì í tọ́jú ara rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì a máa gba eruku. Ọmọ Helen, Bólúwatifẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń lọ síbẹ̀ báyìí ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Kí ó tó lọ lẹ́ẹ̀kìíní, ìyá àgbà pè é jókòó.

"Bólúwatifẹ́, tí o bá dé ẹnu ọ̀nà, má kágò. Orúkọ ara ẹ ni kí o pè, pẹ̀lú ti bàbá tó bí ọkọ mi. Tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fi ọṣẹ fọ nẹ́ẹ̀tì, kán òróró ẹ̀kán kan, má jẹ́ kó di méjì. Má yí ọ̀nà tó ń yí sí padà. Má jókòó, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí o jókòó. Tí o bá sì gbọ́ àgò nígbà tí o wà nínú, ọmọ mi, má fi ẹnu dáhùn. Yà."