Ìpè Tí Selwyn Ṣì Ń Jẹ́

Ojú mi ló ṣe, etí mi méjèèjì sì ń gbọ́ ketekete. Ẹni tó bá wù kó máa pè mí ní arúgbó tó ń ṣarán.

Kúùi. Àwọn òyìnbó ti kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì: igbe tí wọ́n ń ké nínú igbó. Igbe ṣá! Àwọn ìran mi, àwọn Dharug, ló ni ọ̀rọ̀ náà kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Sydney. "Máa bọ̀ níbí" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá mi àgbà sì kọ́ wa pé ẹni tó bá pè é kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí ẹni tí wọ́n ń pè yóò fi dé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí àbúrò mi, Selwyn, lọ pọn omi ní odò ìsàlẹ̀ àfonífojì. Mo dúró lórí àpáta wa, mo pè é. Ó dá mi lóhùn. Òórùn àkàrà ìyẹ̀fun tí ìyá wa ń dín wá ta sí mi nímú. Mo sáré lọ sílé.

Selwyn kò dé. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wá a. Garawa rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Omi kún un dẹ́nu.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pè, ó ń dáhùn. Ohùn ọmọ ọdún méje. Nígbà mìíràn á wúkọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ wá gbé pátákó sí òdìkejì àfonífojì: Ké kúùi níbí. Bọ́ọ̀sì ń kó àlejò wá. Wọ́n á ké, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ sú. Mo bá Brayden, ọmọkùnrin tó ń mú wọn kiri, sọ̀rọ̀.

"Àǹtí Merle, ẹ tún ti dé! Gbohùngbohùn lásán ni, ẹ̀yin náà!"

"Gbohùngbohùn a máa wúkọ́?"

"Hàà! Ẹ bọ́ sínú bọ́ọ̀sì kí ẹ wá sọ ìyẹn fún wọn. Wọ́n á gbádùn ẹ̀."

"Sọ fún wọn kí wọ́n dúró tí wọ́n bá ti pè é."

"Kí wọ́n dúró de ta ni? Oúnjẹ ń dúró dè wá ní Katoomba."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, mo gun orí àpáta wa. Mo pè. Ó dáhùn. Mi ò mira. Mo tún pè. Ó ti súnmọ́. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ nísàlẹ̀ àpáta. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Bọ́ọ̀sì dé sí òdìkejì.

"Kúùi!" Ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó yí padà, ó ń sáré sọ̀kalẹ̀. Mo rí koríko tó ń yà fún un. Mi ò rí ẹnì kankan. Inú bí mi débi pé mo sunkún. Mi ò sì lè tẹ̀ lé e. Èmi náà ti pè é, mi ò gbọdọ̀ kúrò.

Bọ́ọ̀sì lọ. Eruku rọlẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí n tó gbọ́ ọ láti òdìkejì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́:

"Èmi rèé. Ta ló pè mí?"

Mo ní èmi ni. Mo ké e títí ohùn mi fi há. Kò dá mi lóhùn.