Ta Ló Jẹ Ẹ̀dọ̀ Ọmọ Oníbúrẹ́dì?

Kí wọ́n tó sin ọmọ náà tán ni wọ́n ti mọ ẹni tó pa á. Ọmọ ò tíì lo oṣù kan láyé. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ikùn rẹ̀ wú, ó sì lọ. Gbólóhùn kan péré ni dókítà sọ: "Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ò ṣiṣẹ́." Ká ní dókítà mọ ohun tí àwọn ará ilé búrẹ́dì máa fi gbólóhùn yẹn ṣe ni, ì bá gbé e mì.

"Ẹ̀dọ̀!" Ìyá oníbúrẹ́dì, ìyá bàbá ọmọ náà, fi ariwo bọnu. "Ẹ gbọ́ o! Ta ló máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ? Adìyẹ ni?"

Gbogbo ojú ló yí sí yàrá ìyẹ̀fun.

Ìyá Ìyẹ̀fun ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá oníbúrẹ́dì. Opó ni, kò bímọ, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ìyẹ̀fun ló ń jọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí gbogbo ara rẹ̀ á funfun títí dé ìpéǹpéjú, bí òkú tó gbàgbé ọ̀nà sàréè. Ahọ́n rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ búrẹ́dì lọ. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, tí kò bá ṣe àjẹ́, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn. Ọpọlọ wọn ò ju èérún búrẹ́dì lọ, ẹyẹ sì ti ṣà á jẹ.

Ẹyẹ náà ò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn ẹyẹlé á bà sórí páànù yàrá ìyẹ̀fun, wọ́n á máa kùn. Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun búra pé ọ̀kan ṣẹ́jú sí òun. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́yìn òkìtì igi ìdáná, òun, ìyá oníbúrẹ́dì, àti àwọn obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì.

"Ẹyẹ mélòó lẹ rí lánàá?"

"Mẹ́fà ni, Mà."

"Háà! Ẹgbẹ́ ti pé nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ìyá oníbúrẹ́dì tó ń béèrè yìí ló ń gbọn èérún inú apẹ̀rẹ̀ sórí páànù ọ̀hún ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ má baà dọ̀tí. Ẹyẹ wo ló máa rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó máa lọ ṣe àlejò níbòmíì?

Ìyá Ìyẹ̀fun ò ka orúkọ burúkú sí. Ohun tó ń ká a lára ni pé aya oníbúrẹ́dì tún ti lóyún. Oyún kẹta rèé. Ojú pípọ́n kan náà ló mú àkọ́bí àti èkejì tí wọ́n sin yẹn lọ. Eyínfúnjowó ni gbogbo ilé ń pe ìyàwó náà. Ìyá Ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé, torí tó bá rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà á gbàgbé ṣẹ́ńjì. Àmọ́ láti ìgbà oyún àkọ́kọ́, kò lanu rẹ́rìn-ín mọ́. Inú búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ, á ṣa èèpo rẹ̀ dànù. Nígbà míì á gbé búrẹ́dì gbígbóná lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á dijú.

"Ìyàwó mi, kí ló ṣe ẹnu rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà."

"Kò sí nǹkan kan, o wá ń jẹun bí arúgbó?"

Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sá lọ.

Pé ara rẹ̀ ń gbóná ńkọ́? Ara ta ni kì í gbóná nílé búrẹ́dì? Ibà lè gbé ẹnìkan dè níwájú ààrò yẹn, wọ́n á ní kó yí búrẹ́dì kó má jó.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ gbé aríran wá. Bàtà rẹ̀ funfun, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ní kí wọ́n pa iná ààrò, torí iná ló ń bo àjẹ́ láṣìírí. Wọ́n pa á. Ó ní ẹni tí àṣírí rẹ̀ bá tú, kò gbọdọ̀ sun ilé náà mọ́jú. Ìyá Ìyẹ̀fun ò sì ní òrùlé míì láyé.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo wọn yí ààrò tútù ká lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ máa di aboyún yìí lọ́wọ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan," ni aríran wí. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá jó, òun ló ń jẹ ẹ̀dọ̀."

Apòyẹ̀fun fi orí ìka kàn án. "Ó tutù bí omi àmù!"

Ìyá oníbúrẹ́dì náà ní ó tutù. Oníbúrẹ́dì alára, géńdé tó ní ọkàn òròmọdìyẹ, di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó wo ojú ìyá rẹ̀. "Ó... ó tutù."

Ó kan Ìyá Ìyẹ̀fun. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó di ọmọbìnrin náà mú. Ó mọ̀ pé tí òun bá ti lè ní "ó tutù," orí ibùsùn òun lòun máa sùn lálẹ́. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn. Ó wo ikùn.

"Ó gbóná," ló wí. "Ó ń jó mi lọ́wọ́."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Wọ́n bú sí ariwo. "Ẹ gbé ẹrù rẹ̀ síta!"

"Ẹ panu mọ́, ẹ̀yin agbo ewúrẹ́!" Ó fa oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bíríkì ààrò, lẹ́yìn náà ó gbé e lé ọrùn ìyàwó rẹ̀. "Iná ti kú láti ìjẹta. Kí ló wá ń gbóná níbí? Dá mi lóhùn!"

Ọkùnrin náà ò gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Ó gbóná, Mà. Ó gbóná gan-an."

"Eyínfúnjowó, lanu."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó sì lanu. Eyín ẹ̀yìn kan ti jẹrà, èrìgì ti wú, ọyún ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òórùn náà lé aríran sẹ́yìn.

"Aríran," ni Ìyá Ìyẹ̀fun wí, "o rí àjẹ́ láàárín òkùnkùn, o ò rí eyín lọ́sàn-án?"

Ní ọsibítù, dókítà bi ọmọbìnrin náà pé láti ìgbà wo ni eyín ọ̀hún ti ń dùn ún.

"Láti oyún àkọ́kọ́. Ó máa ń lọ, á tún padà dé."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè mí, Mà."

Ìyá Ìyẹ̀fun tó fún un lórúkọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Dókítà yíjú sí oníbúrẹ́dì. "Nínú oyún, ẹ̀dọ̀ ọmọ ni ààrò tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí ara ìyá bá ń bá irú egbò yìí jà ṣáá, ìjà náà lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kó da ààrò yẹn rú, kí ẹ̀dọ̀ má dàgbà bó ṣe yẹ. Mi ò lè búra pé òun ló pa àwọn méjì ìṣáájú. Àmọ́ mi ò ní fi èyí dán an wò." Ó yọ eyín náà, ó fún un lóògùn tí kò ní pa ọmọ lára, ó sì ń pè é padà wá fún àyẹ̀wò títí tó fi bímọ.

Ọmọ dé, ẹyinjú rẹ̀ funfun nini. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì wá sí yàrá ìyẹ̀fun, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Mà, tí ẹ yọ̀ǹda èyí fún wa."

Ìyá Ìyẹ̀fun gba búrẹ́dì náà. "Ìyàwó àbúrò mi, ká ní àjẹ́ ni mí, ṣé ẹ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ahọ́n tìẹ wà nílé, tó tó gbogbo ẹgbẹ́ jẹ yó?"

Ó ya èèpo búrẹ́dì náà, ó nà án sí Eyínfúnjowó tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi eyín tó kù gé e, ó dún kàrà. Ó bú sẹ́rìn-ín, àlàfo eyín yọ gbàgàdà.