Téèpù Dúdú Yàrá Òkùnkùn

Vendula fi èékánná tú téèpù dúdú tó wà lójú suwíìṣì. Ó rọra ń tú u kó má baà ya, nítorí ó ní i lọ́kàn láti lẹ̀ ẹ́ padà. Ọ̀gbẹ́ni Kotrba, tó ti ń tọ́jú yàrá òkùnkùn ilé ìwádìí ewé omi tó wà ní ìlú Rybnov láti ọdún mọ́kànlélógún, ti lọ jẹun ọ̀sán. Òun ló lẹ téèpù náà mọ́bẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tan iná funfun. Iná kékeré kan tó ń tàn bàìbàì lókè nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Vendula tan iná funfun náà, ó gbé fóònù sókè, ó sì ń ya fídíò ìgò mẹ́fà tó wà lórí pẹpẹ. Mẹ́ta jẹ́ tirẹ̀ àti ti Radim, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìdíje ilé ẹ̀kọ́. Mẹ́ta yòókù jẹ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Kotrba. Ewé omi ló wà nínú wọn, irú èyí tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan. Ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi wà nínú òkùnkùn ti gba àwọ̀ ewé lára wọn. Wọ́n wá dà bíi pupa ẹyin tí wọ́n pò mọ́ omi. Ó rẹwà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Radim ni.

"Níbo lo wà? Wọ́n ti fa omi adágún tán. Bàbá mi ti rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Bí o ò bá tètè dé, orí ẹja nìkan lo máa bá nínú ọbẹ̀."

Ọjọ́ ìkẹ́ja ni, ọjọ́ tí wọ́n máa ń fa omi adágún kí wọ́n lè kó ẹja inú rẹ̀, gbogbo Rybnov ló sì wà létí adágún. Vendula sáré jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí abọ́ ọbẹ̀ ẹja kápù dé ọwọ́ rẹ̀ ló tó rántí iná. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ti kọjá. Ó gbé abọ́ náà fún Radim, ó sáré padà, ó pa iná, ó tún lẹ téèpù náà bó ṣe wà. Kò tíì sẹ́ni tó dé.

"Kò sóhun tó ṣe," ó ń sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ ọbẹ̀ náà mọ́.

Ìyáàfin Součková, ọ̀gá ilé ìwádìí náà, ti ṣàlàyé fún wọn rí. Ó ní nínú òkùnkùn, àṣẹ pé kí wọ́n ṣe purotéènì tí wọ́n fi ń kọ́ yàrá aláwọ̀ ewé kéékèèké tó wà nínú ewé omi ti wà ní kíkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ewé omi náà ò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa títí ìmọ́lẹ̀ á fi dé. Ọ̀gbẹ́ni Kotrba, tí kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹjọ, sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀: "Ìyàwó ilé kan ti po ìyẹ̀fun, ó ti ṣù ú róbótó, omi rẹ̀ ti ń hó, àmọ́ kò ní ju ẹyọ kan sínú omi títí àlejò á fi kan ilẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ ni àlejò yẹn."

Àlejò ti kan ilẹ̀kùn fún wákàtí kan àti ààbọ̀.

Èsì jáde lọ́jọ́bọ̀. Nínú ìgò tó yẹ kó má tíì rí ìmọ́lẹ̀ rárá, àmì purotéènì náà hàn kedere. Ó hàn nínú ti Ọ̀gbẹ́ni Kotrba pẹ̀lú. Ọ̀la sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá borí á wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí náà ní ìsinmi ẹ̀rùn, ohun tí Vendula sì ti ń lépa láti ọdún méjì nìyẹn.

"Kọ nọ́ńbà tí a rí nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò lóṣù tó kọjá," Radim sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ewé kan náà kọ́ ni? Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

Vendula mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́.

Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn Ìyáàfin Součková dé etí rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Kotrba, ìmọ́lẹ̀ ti wọnú yàrá yín. Ilẹ̀kùn ò pa dé."

"Mo pa á dé."

"Gbogbo wa la lọ wo ìkẹ́ja. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbàgbé."

"Mi ò kì í gbàgbé nǹkan. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹnì kan ní mo fọ́ ìgò tí mi ò fọ́. Mo ṣì mọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ ti ṣiṣẹ́ pẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Kotrba. Bóyá kẹ́ ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́la, kẹ́ ẹ lọ sinmi."

Sálúbàtà bàbá náà ń wọ́ lọ lọ́dẹ̀dẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Vendula bá a lórí ìjókòó lẹ́nu yàrá òkùnkùn. Ó ti bọ́ sálúbàtà tó máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́, ó ń fi bébà wé e bí ẹni ń wé àwo. Kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ ti wà nínú àpò. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí itan rẹ̀.

Vendula dúró. Ìwé ìdíje wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà èké náà sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ má di ẹrù yín mọ́," ó ní. "Èmi ni. Mo tú téèpù, mo tan iná, mo sì sá lọ wo ẹja."

Ọ̀gbẹ́ni Kotrba gbé bébà sílẹ̀. "Ìgbà wo lo mọ̀ pé wọ́n ń lé mi?"

"Lánàá, Ọ̀gbẹ́ni."

"O sì sùn lóru àná?"

"Mi ò sùn dáadáa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò sùn."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Součková, Vendula sì tún gbogbo rẹ̀ sọ, títí kan ọ̀rọ̀ nọ́ńbà èké náà. Ọ̀gá náà bẹ Ọ̀gbẹ́ni Kotrba níwájú rẹ̀, ó wá gba ìwé ìdíje náà, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Iṣẹ́ wọn ò ní lọ síbi ìdíje lọ́dún náà.

"O ba tiwa jẹ́ nítorí bàbá onísálúbàtà yẹn," Radim wí, ó sì lọ bá ẹlòmíràn jókòó ní kíláàsì.

Ọ̀gbẹ́ni Kotrba náà ò tètè dárí jì í. Ó tú téèpù àtijọ́, ó lẹ tuntun, ó sì fi bíírò funfun kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó tan iná gàdàgbà sára rẹ̀: *Vendula, 14 Oṣù Kẹwàá.* Kò kí i títí wọ́n fi ṣe Kérésìmesì. Bí Vendula bá ní "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni," ìgò ló máa ń wò.

Ní oṣù kejì ọdún tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Kotrba ṣí ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn sílẹ̀ fún un, ó na ọwọ́ sí ìjókòó. "Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ. Fóònù rẹ dà?" Ó gbà á, ó fi í sínú sálúbàtà rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́tẹ̀ yìí, àmì purotéènì kò sí rárá nínú ìgò tí kò rí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà nínú ìmọ́lẹ̀, ó jáde ketekete, omi inú ìgò sì ń padà di àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ lè yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ báyìí?"

"Ó dìgbà tí téèpù bá gbó."

"Ìgbà wo ló máa gbó?"

"Téèpù tó dára ni mo rà."

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Vendula fúnra rẹ̀ ló mú wọn wọ yàrá òkùnkùn. Ó fi orúkọ rẹ̀ hàn wọ́n lójú suwíìṣì, ó sì sọ bó ṣe débẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tí kò lè ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Òun fi ọjọ́ kan pẹ́ jù, ó ní, nítorí ọjọ́ kan yẹn sì ni orúkọ òun ṣe wà lára ògiri yìí.

Ọ̀gbẹ́ni Kotrba wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ó wọlé, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí téèpù náà kó lè lẹ̀ dáadáa.