Ọmọ Ta Ni Kí N Kọ?

"Tan iná síbí," ni Bàbá Kékeré wí, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì.

Ọmọbìnrin náà na tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. "Páìpù ìsàlẹ̀ yẹn ló ń jò, Bàbá Kékeré."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín. "Injiníà, àwọn oníbàárà mi máa lé mi kúrò níbí, wọ́n á fi ẹ́ rọ́pò mi."

Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, físà àbẹ̀wò ló sì fi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe nílẹ̀ òkèèrè yìí. Ó lè wo iṣẹ́, kò kàn gbọdọ̀ ṣe é gbowó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó rí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ amóhuntutù tó wà ládùúgbò náà ni ọkàn rẹ̀ ti dúró síbẹ̀. Ó ṣe ìdánwò wọn, ó yege. Ó wá ku bí físà àbẹ̀wò yóò ṣe di físà akẹ́kọ̀ọ́.

"Ti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fa wàhálà," ni Bàbá Kékeré sọ nídìí oúnjẹ. "Wọ́n lè ní kó o padà sílé. Àmọ́ ọmọ ẹni tó ń gbé níbí kì í pẹ́ rí tiẹ̀ gbà. A máa kọ ọ́ pé èmi ni mo bí ẹ."

"Bàbá mi ńkọ́, sà?"

"Ṣebí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọmọ nílé wa? Ṣé irọ́ ni pé ọmọ mi ni ẹ́?"

Irọ́ kọ́, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti ń ṣe bàbá fún un. Ṣùgbọ́n Injiníà rántí bíríkìlà tó bí i lọ́mọ, tó máa ń gbé e kọ́rùn kọjá omi òjò lọ sílé ìwé. Ṣé kí wọ́n wá kọ ìwé bí ẹni pé kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé?

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Nílé, ọmọ yín ni mí. Ẹni tó bí mi ni ìwé yẹn ń béèrè, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn mi. Bí wọ́n bá sì wádìí ẹ̀, ẹ̀yin náà máa fara gbá a."

Bàbá Kékeré ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹun nílé náà.

Síbẹ̀, Bàbá Kékeré tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì yẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́ wò, ó gbójú sókè. "Ta ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí ẹ?"

Bàbá Kékeré ti ń lanu. Injiníà tètè dáhùn. "Àbúrò bàbá mi ni, mà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé."

Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ohun tó wà níbí náà nìyẹn. Ó dáa. Àwọn kan wá síbí tí wọ́n pe àbúrò lọ́mọ. A dá àlejò padà, ẹni tó gbà á sílé sì pàdánù ìwé ìgbélùú tiẹ̀."

Bàbá Kékeré fọwọ́ tẹ àpò tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà.

"Ṣùgbọ́n físà rẹ máa parí kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, a ò lè pààrọ̀ ẹ̀ níbí," ni obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Padà sílé, kó o béèrè ti akẹ́kọ̀ọ́ láti ibẹ̀. Kò sí àbàwọ́n kankan nínú ìwé rẹ."

Ó dun Injiníà. Nígbà tí wọ́n jáde sójú títì, Bàbá Kékeré dúró. "Ìfẹ́ ni mo fẹ́ fi tì ẹ́ sí kòtò," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi gan-an ni ǹ bá sì kọ́kọ́ já sí i."

"Mò ń padà bọ̀, sà," ni Injiníà fèsì. "Ẹ má tíì wá ẹlòmíì tó máa bá yín tan tọ́ọ̀ṣì."

Ó lọ sílé, ó béèrè, ó dúró títí wọ́n fi fún un ní físà akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kó tó dé, ó sì pẹ́ kó tó lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ ìwé àlejò wò ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ojú fèrèsé sá. Injiníà ń jó páìpù pọ̀ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ dìde.

"Báàgì mi nìyẹn, sà," ló wí. "Ìwé mi wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀nà òótọ́ lè jìn, ó sì lè dá ènìyàn padà sílé lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á dé ibi tó ń lọ kì í fi ojú fèrèsé ṣe ilẹ̀kùn.