Ìdáhùn Ẹlòmíì

Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ọmọ télọ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìbéèrè kan náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti ń kọ́ bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá fi ń dán àwọn tó ń wáṣẹ́ wò. Èyí tó ṣì ń dà á láàmú ni bí kọ̀ǹpútà ṣe lè wá ọ̀nà tó yá jù láti ìlú kan dé òmíràn. Aago mẹ́wàá ni ilé-iṣẹ́ kan yóò pè é lórí fídíò. Nítorí ariwo, ìyá rẹ̀ ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ ló fi ń ránṣọ oníbàárà ní yàrá iwájú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ojútùú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó mú ohun kékeré kan dání, bí hóró ẹ̀wà, tí wọ́n fi ń gbọ́ fóònù létí. Ó ní òun á jókòó sẹ́yìn fèrèsé, òun á máa wá ìdáhùn, òun á sì máa sọ ọ́ sí i létí.

"Irun ẹ á bò ó," ló wí. "Ṣé ìwọ nìkan lo máa ṣòótọ́ láyé yìí ni?"

Ọkàn ọmọ télọ̀ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù borí rẹ̀. Ó fi nǹkan náà sétí.

Ohùn jẹ́jẹ́ ni obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní. Ìbéèrè àkọ́kọ́, ọmọ télọ̀ fúnra rẹ̀ ló dáhùn rẹ̀ yékéyéké. Bí obìnrin náà ṣe mẹ́nu ba ọ̀nà àti ìlú, ó dúró de ohùn inú etí rẹ̀. Ojútùú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tó bá sọ ni ọmọ télọ̀ náà ń wí, bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Tí afárá kan bá wó lójú ọ̀nà yẹn ńkọ́?"

Ọmọ télọ̀ ń retí pé kí Ojútùú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ohùn Ojútùú tún dún, ẹnu ọmọ télọ̀ ti tún ohun tó sọ wí kó tó mọ̀: "Ní sùúrù, mò ń wá a."

"Ta ló ń wá a?" ni obìnrin náà bi í.

Ó lè purọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yọ nǹkan náà létí, ó gbé e síwájú kámẹ́rà.

"Ẹ má bínú, mà. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni tèmi. Ìkejì kì í ṣe tèmi."

Obìnrin náà ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tún wáṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn títí ọdún kan yóò fi pé. Ó ní ìdáhùn àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Ní ti ìkejì, àwọn ò retí pé kó mọ̀ ọ́n tán. Bí yóò ṣe ronú lé e lórí làwọn fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ télọ̀ ju ìjìyà náà lọ. Ojútùú ti sá lọ ní tirẹ̀. Ọmọ télọ̀ lọ bá ìyá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Tìẹ ló máa bá ẹ mu, ọmọ mi."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọ télọ̀ lọ bá olùkọ́ ìṣirò rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ìbéèrè àwọn ìlú náà kò yé òun. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi mọ̀ ọ́n, tòun ti afárá tó wó. Ohun tí ì bá fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ló gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, wọ́n á kọ́ ọ; ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni tó mọ̀, ta ni yóò kọ́ ọ?