Tapólì Tí A Fi Bo Bátìrì

Èmi Àrìnpé ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí, inú sì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kó máa bí mi.

Ẹ̀gbẹ́ títì ní Papalanto ni Ògúnrìndé ọkọ mi ti ń ṣáájì bátìrì fáwọn awakọ̀ tírélà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ eruku sìmẹ́ńtì. Ó ń bà lé aṣọ, ó ń bà lé ọbẹ̀. Kó má baà bọ́ sínú omi bátìrì, ọkọ mi á dé ìdérí wọn pinpin, á fi tapólì bo gbogbo wọn, á wá tan ṣáájà. Èmi gan-an ni mo ra tapólì ọ̀hún.

Jedidiah, ọmọ àdúgbò wa tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan, yà kí wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká tapólì yìí kúrò. Gáàsì ń jáde lára bátìrì tó wà lórí iná."

"Gáàsì kẹ̀? Ṣé ilé ìdáná lo rí níbí ni?"

"Háídírójìn àti ọ́síjìn ni, bàbá. Inú omi bátìrì ni wọ́n ti ń jáde. A ò lè rí wọn, wọn ò sì lóòórùn. Bí iná bíńtín bá kàn wọ́n, wọ́n á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ooru rẹ̀ á mú kí wọ́n fẹ̀ lójijì ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí wọn ò bá ráyè, bátìrì ni wọ́n máa fọ́ jáde."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe é! Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ayé mi!

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kan ń kánjú. "Bàbá, ṣé ó ti kún?" Ọkọ mi ká etí tapólì sókè, ó fi wáyà kan orí méjèèjì tó wà lára bátìrì náà kó lè ta iná, báwọn oníbátìrì ṣe máa ń dán an wò.

Gbòà!

Ike bátìrì ya sí wẹ́wẹ́, ásíìdì tó wà nínú omi rẹ̀ fọ́n sí ọkọ mi lójú. "Àrìnpé, ojú mi!" Awakọ̀ ń pariwo pé kí n fi epo pupa sí i, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀! Omi kún dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, epo ni mo sá lọ gbé. Dókítà l'Ábẹ́òkúta ní ká ní omi la tètè dà sí i, bóyá ojú ọ̀tún yẹn ì bá má fọ́.

Nígbà tí Jedidiah wá kí wa, mo bi í pé báwo ni ohun tí a ò rí ṣe lágbára tó báyìí.

"Bíbò tẹ́ ẹ bò ó ni, màmá. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ á ti gbé e lọ. Abẹ́ tapólì ló kóra jọ sí."

Síbẹ̀, lánàá yìí, mo tún rí oníbátìrì mìíràn: tapólì lórí bátìrì, sìgá lẹ́nu àwọn tó dúró tì í. Mo bú wọn, mi ò sì tọrọ àforíjì!

Ẹ̀yin oníbátìrì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ínfátà tó ń lo bátìrì nílé, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ ti ṣáájì. Ẹ má bò ó, ẹ má dí ihò ìdérí rẹ̀ tí gáàsì ń gbà jáde. Bí eruku bá ń dà yín láàmú, ẹ fi páànù ṣe òrùlé gíga sókè rẹ̀. Mítà tó ń wọn agbára bátìrì ni ká fi dán an wò, kì í ṣe wáyà. Ẹ pa ṣáájà kẹ́ ẹ tó tú okùn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìṣáná tàbí sìgá nítòsí. Bí ásíìdì bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, lẹ́yìn náà ó di ilé ìwòsàn.

Ojú ọkọ mi ni mo fi kọ́ gbogbo èyí. Ẹ má fi tiyín kọ́ ọ.